Òwú Funfun Lára Imí Eṣú

Ó wà nínú ìwé àkọsílẹ̀ mi pé aládùúgbò wa ni ó fẹ́ ba iṣẹ́ mi jẹ́. Ọwọ́ mi ni mo fi kọ ọ́, ṣùgbọ́n n kò fọkàn tán ẹni tí ó kọ ọ́ mọ́.

Ẹ̀yìn ilé wa ní Trans-Nkisi, nílẹ̀ Ìgbò, ni mo ti ṣe iṣẹ́ àṣekágbá mi ní yunifásítì. Amóníà ni mò ń wá, afẹ́fẹ́ tí ń ta nímú bí ìtọ̀ tó ti pẹ́ nílẹ̀, lára imí eṣú, koríko tó lalẹ̀ hù lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri. Wọ́n kọ́ wa pé ewé ọ̀dọ́ a máa fà á wọlé, èyí tó ti gbó a sì máa tú u jáde. Mo mú òwú ní ṣọ́ọ̀bù bàbá mi tí ó jẹ́ télọ̀, mo so funfun mọ́ ewé ọ̀dọ́, pupa mọ́ èyí tó gbó. Mo ń fi ike bo ewé kọ̀ọ̀kan, pẹ̀lú bébà tí ń yí àwọ̀ bí amóníà bá kàn án.

Ní ọ̀sẹ̀ kẹta, bébà àwọn ewé olówùú funfun bẹ̀rẹ̀ sí í yí àwọ̀, bẹ́ẹ̀ kò yẹ kí ewé ọ̀dọ́ tú amóníà jáde. Ojú mi lọ tààrà sí àgò adìẹ aládùúgbò wa, ìyá Ìgbò kan tó máa ń pè mí ní nwa m, ọmọ mi. Ìgbẹ́ adìẹ kò ṣàì ní amóníà. Mo tilẹ̀ rí àmì ìka lára ike kan, mo sì kọ ọ́ sínú ìwé pé tirẹ̀ ni. Ó lè jẹ́ ìka tèmi.

Ìgbò ni mo fi bá a sọ̀rọ̀. "Mama, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbé adìẹ yín kúrò. Òórùn wọn ń wọ ewé mi."

"Koríko yẹn ló rán ọ sí mi?"

"Iṣẹ́ ìwé mi ni, Mama."

"Ó dáa, nwa m. Ìwọ lo kàwé."

Ó gbé àgò náà síwájú ilé, lẹ́bàá títì. Kò pé ọ̀sẹ̀ kan tí wọ́n fi jí àkùkọ rẹ̀ gbé.

Bébà kò sì yé yí àwọ̀. Ìgbà náà ni mo tó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ wo ewé fúnra rẹ̀. Ó ti pọ́n létí, ewé tuntun tí kò ní òwú sì ti yọ lókè rẹ̀. Òwú ni mo ti ń wò tí mo fi ń kọ "ọ̀dọ́" lójoojúmọ́.

Mo lọ bá ìyá náà níbi tó ti ń gé ẹ̀fọ́. "Mama, kì í ṣe adìẹ yín. Ewé yẹn ló gbó."

"Ó ti lé lóṣù kan tí o ti so ó. Kí lo fẹ́ kí ó ṣe?"

Mo bá a gbé àgò padà sẹ́yìn ilé. Nínú ìrántí mi, ó rẹ́rìn-ín. Ohun tó wà nínú ìwé àkọsílẹ̀ mi ni pé láti ọjọ́ náà, kò pè mí ní nwa m mọ́.