Òkúta Funfun Tí N Kò Jù Sínú Abọ́

Nígbà tí mo gbọ́ pé kọ́lẹ́ẹ̀jì kan lágbègbè wa fẹ́ máa kọ́ àwọn ará ìlú bí wọn yóò ṣe múra sílẹ̀ de àjálù, n kò béèrè iye oṣù tí wọn yóò fi kọ́ ọ. Ẹni tí yóò kọ́ ọ ni mo béèrè. Wọ́n dárúkọ rẹ̀ fún mi. Mo rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi. Lọ́jọ́ kejì, mo gun ọ̀kadà kúrò ní Igbó-Ọrà, mo lọ gba fọ́ọ̀mù.

Kí ni ọkùnrin náà ṣe fún mi? A jọ ṣe iṣẹ́ tíṣà ní iléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan nígbà tí egungun wa ṣì le. Òun ni igbákejì ọ̀gá iléèwé. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ìjì òjò ya òrùlé kíláàsì mi, páànù ń já bọ́. Mo kó àwọn ọmọ jáde sábẹ́ igi máńgòrò, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í kà wọ́n. Ó gbá ọwọ́ mi wálẹ̀.

"Ṣé orí ẹ dàrú ni? A kì í ka ọmọ fún ọlọ́mọ. O ò rí iye ìbejì tó wà nínú àwọn wọ̀nyí?"

Mo dákẹ́. Ẹ̀ṣẹ̀ tèmi nìyẹn, n kò sẹ́ ẹ. Ọmọbìnrin kan ṣẹ́kù sábẹ́ páànù. Wọ́n yọ ọ́ láàyè, ṣùgbọ́n apá rẹ̀ ọ̀tún kò nà dáadáa mọ́ títí dòní. Níwájú ìgbìmọ̀ tó wádìí ọ̀rọ̀ náà, ọkùnrin yìí tún fìlà rẹ̀ ṣe, ó ní òun sọ fún mi kí n ka àwọn ọmọ, pé èmi ni mo kọ̀. Wọ́n gbé mi lọ sí Ìdèrè, wọ́n dá ìgbéga mi dúró. Òun di ọ̀gá iléèwé. Bí mo bá dé ọjà, àwọn ìyá ọmọ a máa yà fún mi bí ẹni yà fún ejò.

Lọ́jọ́ àkọ́kọ́ ní kọ́lẹ́ẹ̀jì, ó kí mi bí ẹni tí kò rí mi rí.

"Màmá, ẹ káàbọ̀ o. Ẹ̀yin náà tún fẹ́ kàwé lọ́jọ́ alẹ́ yín?"

"Ẹ̀kọ́ kan ló kù tí n kò tíì kọ́ tán, ọ̀gá."

Mo lọ jókòó sẹ́yìn, mo ń ṣọ́ ọ. Mo ń ṣọ́ fèrè tuntun tó fi kọ́rùn. Mo ń ṣọ́ ìwé tó pín fún wa, tí kò sí orúkọ ẹni tó kọ ọ́ lára rẹ̀. Mo ń ṣọ́ bó ṣe ń pe ọ̀rọ̀ náà, "ààbò", bí ẹni pé baba rẹ̀ ló dá a sílẹ̀.

Ní ọ̀sẹ̀ kejì, ó ní bí iná bá ṣẹ́ yọ, tí ènìyàn bá ti jáde, kíkà ni ohun àkọ́kọ́. Ìyá Ìbejì, obìnrin kan tó ń ta gààrí ní Èrúwà, dìde lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi.

"Sà, ẹ má ka tèmi mọ́ wọn o. Ẹni tó fún mi lọ́mọ nìkan ló lè kà wọ́n."

"Ìyá Ìbejì, ṣé iná á dúró kẹ́ ẹ kọ́kọ́ ṣàlàyé fún un ni?"

"Iná kọ́ ló bí wọn, sà. Èmi ni mo bí wọn."

Kíláàsì bú sẹ́rìn-ín. Ó ní kò burú, òkúta ni a ó máa kà nígbà náà. Òkúta wẹ́wẹ́ tí wọ́n fi ọ̀dà funfun kùn yóò wà nínú bọ́kẹ́ẹ̀tì lẹ́nu ọ̀nà. Ẹni tó bá ń wọlé yóò mú ọ̀kan. Bí a bá sá jáde, oníkálukú yóò ju tirẹ̀ sínú abọ́ kan lábẹ́ igi. Bí tinú abọ́ kò bá tó iye tí a kọ sílẹ̀ pé a mú, ẹnì kan ṣì wà nínú ilé.

Ọgbọ́n gidi ni, n kò ní purọ́ mọ́ ọn. Ṣùgbọ́n ó wá sọ ibi tó ti kọ́ ọ.

"Tíṣà obìnrin kan wà láyé ọjọ́un, alágídí ni. Mo ní kó ka àwọn ọmọ, ó kọ̀. Ọmọ kan fara gbọgbẹ́."

Ìyá Ìbejì pòṣé. "Irú obìnrin wo nìyẹn?"

Èmi tí mo jókòó tì í, mo ń wo ìka ọwọ́ mi. Ohun kan ṣoṣo ni mo fẹ́ láti ọjọ́ náà: kí àwọn ènìyàn mọ ẹni tí kò jẹ́ kí a ka àwọn ọmọ, kí n tó kú.

Lọ́jọ́ ìdánrawò, ìjọba rán ọ̀dọ́bìnrin kan láti Ìbàdàn wá wò ó. Ohun tó bá kọ ni yóò sọ bóyá ẹ̀kọ́ náà yóò máa lọ. Mo mú òkúta mi lẹ́nu ọ̀nà bíi ti gbogbo èèyàn. Nígbà tí fèrè dún tí wọ́n ń sá jáde, mo lọ lúgọ sẹ́yìn kọ́bọ́ọ̀dù. Àgbàlagbà bíi tèmi! Orúnkún mi ń dùn mí, ṣùgbọ́n n kò mira. Mo sọ nínú ọkàn mi pé bó bá wọlé wá wá mi, n ó ju òkúta náà sínú abọ́, n ó sì fi ọ̀rọ̀ náà lé Ọlọ́run lọ́wọ́.

Mo ń gbọ́ ohùn rẹ̀ láti ojú fèrèsé bó ṣe ń ka òkúta.  Ó tún kà á lẹ́ẹ̀kejì. Mo gbọ́ tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kúrò nídìí abọ́, tó sì tún padà. Lẹ́yìn náà ló kígbe: "Ó pé! Gbogbo wa pé!" Wọ́n pàtẹ́wọ́.

Mo dìde, mo rọra rìn jáde. Àtẹ́wọ́ náà dáwọ́ dúró. Mo la ọwọ́ mi níwájú ọ̀dọ́bìnrin ará Ìbàdàn náà, òkúta funfun wà nínú rẹ̀.

"Ọmọ mi, bá mi wò ó bóyá ó pé lóòótọ́."

Ó da abọ́ náà sílẹ̀. Gbogbo rẹ̀ ló funfun àfi ọ̀kan, òkúta ilẹ̀ lásán, tí eruku pupa ṣì wà lára rẹ̀.

"Ta ló ju èyí sí i?"

Ọkùnrin náà tún fìlà rẹ̀ ṣe. Mo mọ ọwọ́ yẹn.

"Màmá yìí ni kò gbọ́ràn. Mo ní kí gbogbo èèyàn jáde, wọ́n kọ̀. Alágídí ni wọ́n, láti ìgbà..." Ó gbé ìyókù mì.

Ìyá Ìbejì wò mí, ó wò ó.

"Láti ìgbà wo, sà?"

Ọkùnrin náà bẹ̀rẹ̀ sí í ṣa òkúta padà sínú abọ́, ṣùgbọ́n Ìyá Ìbejì kò tíì sọ̀rọ̀ tán.

"Tíṣà tẹ́ ẹ sọ fún wa yẹn, tẹ́ ẹ ní ó kọ̀ láti ka àwọn ọmọ. Ta ló gbọ́ ọ lẹ́nu ẹ̀ pé ó kọ̀? Àbí ẹ̀yin nìkan náà ni?"

Ó gbé fèrè sẹ́nu, bóyá kí àwọn èèyàn lè tú ká. Fèrè náà kò dún.

Ẹnikẹ́ni kò bẹ̀ mí. Ọ̀dọ́bìnrin náà kọ nǹkan sínú ìwé, n kò mọ ohun tó kọ, n kò sì fọkàn tán ìwé ìjọba mọ́. Ìyá Ìbejì gbé báàgì mi dé etí títì, ó ń pàṣẹ fún ọlọ́kadà pé, "Rọra gbé wọn o, tíṣà ni wọ́n." Mo kọ́kọ́ wo ojú rẹ̀ dáadáa bóyá yẹ̀yẹ́ ló ń fi mí ṣe. N kò rí yẹ̀yẹ́ níbẹ̀.

Òkúta náà wà lórí tábìlì mi. Ọkùnrin náà ti ránṣẹ́ wá gbà á lẹ́ẹ̀mejì, ó ní ti kọ́lẹ́ẹ̀jì ni. N kò fi ránṣẹ́ sí i. Kó wá gbà á fúnra rẹ̀ lójú àwọn aládùúgbò, kó sì sọ ọ́ fún wọn pé mo ti ń ka àwọn ọmọ náà kí òun tó gbá ọwọ́ mi wálẹ̀.