Omi Ló Dànù

Ó ku ọdún díẹ̀ kí Nàìjíríà gba òmìnira nígbà tí eéwo yọ sí itan ẹ̀gbọ́n ìyá mi, tí mo ń pè ní Màmá. Ọ̀dọ̀ wọn ni mo ń gbé ní Ìlobùú. Ìfọ́n ni wọ́n ti fẹ́ wọn wá, wọn ò sì tíì bímọ. Ọkọ wọn ra kápúsù lọ́wọ́ ẹni tó ń kiri oògùn òyìnbó. Eéwo jinná, ìgbẹ́ gbuuru bẹ̀rẹ̀, inú wa sì dùn. Lójú tiwa, oògùn tí kò bá fọ inú kì í ṣe oògùn. Ọkọ wọn tún ra òmíràn.

Nígbà tó yá, ẹsẹ̀ wọn wú. Ara ń rù, ikùn ń ga. Àwọn aládùúgbò, tí ojú wọn kì í gbé ibì kan, bẹ̀rẹ̀ sí í kí wọn: "Àsọ̀kalẹ̀ àǹfààní o."

"Àmín," ni Màmá máa ń wí.

Inú bí mi. Mo ní kí Màmá sọ fún àwọn aládùúgbò pé àìsàn ni.

"Láti ìgbà tí mo ti wọ ilé yìí, ẹnikẹ́ni ò kí mi bẹ́ẹ̀ rí," ni wọ́n wí. "Jẹ́ kí n ṣe àmín."

A wọ ọkọ̀ lọ sí ọsibítù ní Òṣogbo. Dókítà ní oògùn eéwo yẹn ló dá egbò sí ìfun wọn, ìgbẹ́ gbuuru ti gbé okun inú ẹ̀jẹ̀ lọ, omi ló wá dá sínú ikùn. Ó fi abẹ́rẹ́ gígùn fa omi náà sínú garawa. Ó dà bí omi orí ògì. Èmi ni mo gbé e lọ dà nù.

Bí a ṣe délé, tí àwọn ìyàwó ilé rí i pé ikùn ti lọ, wọ́n kúnlẹ̀ kí Màmá bí wọ́n ṣe ń kí ẹni tí oyún bàjẹ́ lára rẹ̀: "Ẹ má sunkún mọ́. Omi ló dànù, agbè ò fọ́."

Màmá wo èmi tí mo da omi nù, wọ́n bú sẹ́rìn-ín títí omijé fi ń bọ́. Èmi ò rí ohun tó pa wọ́n lẹ́rìn-ín. Ẹ̀rù ń bà mí.

Kò pẹ́ tí omi náà fi padà. Màmá ní ká gbé àwọn lọ sí Ìfọ́n, sílé bàbá àwọn. Ibẹ̀ ni wọ́n kú sí.

Àwọn ìyàwó ilé wá láti Ìlobùú wá bá wa kẹ́dùn. Ọ̀kan kúnlẹ̀ níwájú ìyá mi, ó ní, "Omi ló dànù," ó sì dákẹ́ lójijì.

Ìyá mi ló bá a parí rẹ̀. "Agbè ló fọ́," ni wọ́n wí.