Ẹ̀gbọ́n Mi Kírun Lórí Àpáta Òkun

Bí ẹ bá ń gbé ilé kan náà pẹ̀lú ẹni tí kì í fi ìrun jáfara, ẹ ó mọ ohun tí mo fẹ́ sọ. Ẹ pè é, kò dáhùn. Ẹ tún pè é. Lẹ́ẹ̀kẹta, ẹ ó gbọ́ "Àlláhù Àkúbárù" láti inú yàrá, ohùn á ròkè ju bó ṣe yẹ lọ. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé: mò ń kírun, ẹ fi mí sílẹ̀. Bí ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ṣe máa ń dá mi lóhùn nìyẹn nílé wa ní Ìsọlọ̀, láti ìgbà tí ọkọ rẹ̀ ti kú tó sì ti kó wá sí yàrá tó kọjú sí tèmi. Èmi náà ni mo fà á. Ilé-iṣẹ́ ìhunṣọ ni mo ti ṣiṣẹ́ títí mo fi fẹ̀yìn tì, nídìí ẹ̀rọ tí kì í jẹ́ kéèyàn gbọ́ ohùn ara rẹ̀, ohùn mi ò sì mọ bí wọ́n ṣe ń rẹlẹ̀ mọ́. Kọ́kọ́rọ́ géètì lásán ni mo lè máa wá, kí n máa pè é bí ẹni pé ilé ń jó. Ó ti mọ̀ mí. Á gbóhùn sókè, á sì parí ìrun rẹ̀ ní pẹ̀lẹ́tù.

Ọmọ rẹ̀ ọkùnrin, tó ń ṣe dókítà ní erékùṣù kékeré kan ní Kàríbíà, ló ní ká wá lo ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lọ́dọ̀ òun. Àwa méjèèjì ò wọ ọkọ̀ òfurufú rí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ojoojúmọ́ ni wọ́n ń fò kọjá lórí òrùlé wa.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ó fi mọ́tò gbé wa lọ sí ìpẹ̀kun erékùṣù náà, níbi tí ilẹ̀ ti já. Mo ní ilẹ̀ já, torí mi ò mọ ohun mìíràn tí mo lè pè é. Òkun tí mo mọ̀ ní Èkó, orí iyanrìn ló ti ń pàdé èèyàn. Ẹ rìn tọ̀ ọ́ lọ díẹ̀díẹ̀, òun náà á rìn tọ̀ yín wá. Ibí yìí, koríko ni, lẹ́yìn koríko kò sí nǹkan kan mọ́. Mo yọjú wò ó. Ògiri òkúta tó ga tó ilé alájà mẹ́rin ní Àgọ́ Palace nítòsí ilé wa ni mo rí, omi ń la ara rẹ̀ mọ́ ọn nísàlẹ̀, ariwo rẹ̀ dà bí ti gbọ̀ngàn ẹ̀rọ wa àtijọ́. Mo padà sẹ́yìn, mo wá bẹ́ǹṣì jókòó sí.

"Àbí ẹ̀rù ń bà ọ́?" ẹ̀gbọ́n mi bi mí.

"Orúnkún ló ń dùn mí."

"Orúnkún tí kò dùn ọ́ nígbà tí wọ́n ń pè wá síbi oúnjẹ."

Ọmọ rẹ̀ rẹ́rìn-ín. Ó fi okùn kan tí wọ́n ta sí etí ibẹ̀ hàn wá. "Màámi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má kọjá ibí yìí. Ẹ jẹ́ kí n lọ ra àgbọn tútù wá fún yín." Ó lọ.

Kò pẹ́ tí àkókò Àlàásárì wọlé. Èmi ti kí tèmi pọ̀ mọ́ Àìlà ká tó kúrò nílé, torí wọ́n fún arìnrìn-àjò láyè bẹ́ẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi ò gbà. Ó ní ìrun tòun kì í ṣe ẹrù tí wọ́n ń dì pọ̀. Ó ń wo àtẹ̀gùn kan tí wọ́n gbẹ́ sára òkúta, tí àwọn apẹja ń gbà sọ̀kalẹ̀.

"Mo fẹ́ lọ ṣe àlùwàlá."

"Ọmọ yín ní kẹ́ ẹ má kọjá okùn."

"Èmi ni mo bí i."

Ó ká ẹní ìkírun rẹ̀ sábẹ́ abíyá, ó sọ̀kalẹ̀. Nísàlẹ̀, àpáta kan tẹ́ pẹrẹsẹ, ó fẹ̀ tó pálọ̀ wa, ó dúdú, ó ń dán. Láti òkè ni mo ti mọ̀ pé ó wù ú. Nílé, ó máa ń gbálẹ̀, á nù ún, kó tó tẹ́ ẹní. Níbí kò sí ohun tó fẹ́ gbá. Kò wá sọ́kàn rẹ̀, kò sì wá sọ́kàn èmi náà, pé òkun fúnra rẹ̀ ló ń fọ ibẹ̀, àti pé kò ní pẹ́ padà wá fọ̀ ọ́.

Ó ṣe àlùwàlá nínú omi tó dágún sínú ihò àpáta. Ó bọ́ sálúbàtà, ó kọjú sí gábàsì, òkun sì wà lápá òsì rẹ̀. Mo gbójú kúrò, mò ń wo ẹyẹ kan. Ìgbà tí mo padà wò, òkun ti wú. Lọ́ọ̀ọ́kán ni, kò yára, kò pariwo, bí ẹni tó ń fa èémí sínú. Omi àkọ́kọ́ gun àpáta náà, ó rin etí ẹní, ó gbé sálúbàtà méjèèjì lọ. Ẹ̀gbọ́n mi wà lórí ìdúró, ojú rẹ̀ wà níbi tó máa forí kàn, bí wọ́n ṣe kọ́ wa.

Mo fi ohùn ilé-iṣẹ́ pè é. "Ẹ̀gbọ́n mi! Omi! Ẹ kúrò níbẹ̀!"

"Àlláhù Àkúbárù." Ó gbé e sókè dáadáa.

Ohùn inú yàrá ní Ìsọlọ̀ ni. Mo tún pè é. Ó tún gbé e sókè, ìbínú ti wà nínú rẹ̀, ó sì forí kanlẹ̀.

Mi ò lè sọ bí mo ṣe dé ìsàlẹ̀. Láti kékeré mi, mi ò gba iwájú ẹni tó ń kírun kọjá rí. Bàbá wa á nà wá fún un. Mo ki ọwọ́ bọ abẹ́ abíyá ẹ̀gbọ́n mi lórí ìforíkanlẹ̀, mo wọ́ ọ. Ó bá mi jà.

"Ṣé o ti ya wèrè ni? Ìrun mi!"

Mo wọ́ ọ gun àtẹ̀gùn kan, ìkejì, a fẹ́rẹ̀ẹ́ dé ìdajì nígbà tí òkun dé. Kò gun àpáta náà lọ́tẹ̀ yìí. Ó bò ó mọ́lẹ̀. Ibi tí orí ẹ̀gbọ́n mi wà lẹ́ẹ̀kan, omi tó lè bo èèyàn lórí ló ń yí níbẹ̀. Ẹní náà yọ lẹ́ẹ̀kan, a ò rí i mọ́.

Ó di ọrùn ọwọ́ mi mú.

"O pè mí?"

"Mo pè yín."

"Mo gbọ́." Ó ń wo omi. "Mo rò pé kọ́kọ́rọ́ ni."

Ọmọ rẹ̀ bá wa lórí koríko, a rin gbingbin, ìyá rẹ̀ ò ní bàtà lẹ́sẹ̀. Ó wo okùn, ó wò wá, ó rọra gbé àgbọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sílẹ̀. Ó bọ́ ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀, ó tẹ́ ẹ sẹ́gbẹ̀ẹ́ mọ́tò, ìyá rẹ̀ sì tún ìrun náà kí lórí rẹ̀. Mo dúró tì í gbágbáágbá. Mi ò gbọ́ ohùn rẹ̀ rárá.

A ti padà sí Ìsọlọ̀. Tí mo bá fẹ́ kọ́kọ́rọ́ báyìí, mo máa ń kọ́kọ́ lọ yọjú lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀. Ṣùgbọ́n lọ́sẹ̀ tó kọjá mo gbàgbé, mo pè é láti àgbàlá. Kò gbóhùn sókè. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ni mo gbọ́, ó sáré jáde pẹ̀lú ìbòrí lórí, ó ti já ìrun.

"Kí ló dé?"

"Kọ́kọ́rọ́ ni."

Ó wò mí títí. Lẹ́yìn náà ó wọlé lọ, ó bẹ̀rẹ̀ ìrun rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀.