Àwọ̀n tí Bàbá fi sílẹ̀

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, ẹ má bínú pé mo gbóyà kọ ìwé yìí. Mi ò tíì pé ọdún kan nílé-ẹ̀kọ́ míṣọ́n, mo sì fẹ́ sọ̀rọ̀ Ọlọ́run.

Ọjọ́ kẹrin rèé tí Bàbá ti lọ sókun, kò tíì dé. Lónìí, mo bá Ìyá tó ń tún àwọ̀n tí Bàbá fi sílẹ̀ ṣe. Ara fu mí.

“Ìyá, ta lẹ fẹ́ tà á fún?”

“Tà kẹ̀? Ṣé ọwọ́ lásán ni bàbá rẹ máa fi pẹja tó bá dé? Ọlọ́run tó yọ ọ́ nínú ìjì èṣí kò tíì sùn. Alákọ̀wé, mú abẹ́rẹ́!”

Mo jókòó tì í. Ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n, síbẹ̀ gbogbo kókó tó ta ló le.

Ṣé ìgbàgbọ́ nìyẹn? Ẹ fún mi lésì. Ṣùgbọ́n ẹ jọ̀ọ́, kó má dé etí Ìyá pé mo rí ọwọ́ rẹ̀.