Alfa Má-Lọ àti Erékùṣù Mẹ́ta

Alfa Má-Lọ ni àwọn ará Makera ní Kàdúná ń pe Alfa Abdulraheem lẹ́yìn rẹ̀. Kò sẹ́ni tó jẹ́ pè é bẹ́ẹ̀ lójú rẹ̀, nítorí wọ́n mọ bí a ṣe ń bọ̀wọ̀ fún alfa, pàápàá èyí tó ti Ìlọrin wá, ṣùgbọ́n bó bá ti kọjá tán, wọn a bú sẹ́rìn-ín. Ọmọ tó fẹ́ lọ ṣe ìdánwò ní Sókótó bi í, ó ní má lọ. Oníṣòwò tó fẹ́ lọ ra ọjà ní Kánò bi í, ó ní má lọ. Ẹnì kan tilẹ̀ sọ pé bí o bá bi í bóyá kí o sọdá títì, má lọ náà ni yóò sọ.

Wọ́n ń fi í ṣẹ̀fẹ̀ ni, ṣùgbọ́n ohun tó bí i kò la ẹ̀fẹ̀ lọ. Ní ọdún méjì ṣáájú, Àbdùlkàrímù tó ń ta ẹ̀yà ara mọ́tò wá bá a pé òun ń lọ sí Àbújá, kí ó bá òun ṣe ìsítíkárà, ìyẹn àdúrà tí Mùsùlùmí fi ń bi Ọlọ́run bóyá ohun tí òun fẹ́ dáwọ́ lé dára. Alfa gbé awọ àgbò rẹ̀ sọ̀ láti orí ìṣó, ó tẹ́ ẹ, ó kírun ràkáà méjì lórí rẹ̀, ó sì ní ọ̀nà mọ́. Ọ̀nà kò mọ́. Àwọn ajínigbé dá ọkọ̀ wọn dúró, ọjọ́ mọ́kànlélógójì ni Àbdùlkàrímù sì fi jẹ̀yà nínú igbó. Nígbà tó padà dé, ó ti gbẹ, ó sì ń tiro títí dòní. Kò bá Alfa jà o. Bó ṣe ń kí i tẹ́lẹ̀ náà ló ṣe ń kí i, ó ń rẹ́rìn-ín sí i, ìkíni yẹn gan-an ni kì í jẹ́ kí oúnjẹ lọ lọ́fun Alfa.

Láti ìgbà náà, ẹni tó bá fi ìrìnàjò lọ̀ ọ́, yóò ní kí ó padà wá lọ́jọ́ kẹta. Bó bá padà wá, Alfa yóò mi orí, yóò ní ohun tí òun rí kò dára. Irọ́ ni. Kò rí nǹkan kan, nítorí kò gbàdúrà kankan. Orí ẹní ni ó ti ń kírun tirẹ̀. Awọ àgbò yẹn, ti àwọn tó bá wá bẹ̀ ẹ́ ni, ó sì ti wà lórí ìṣó láti ọdún méjì. Èmi ò ní gbè sẹ́yìn rẹ̀. Kí alfa máa fi orúkọ Ọlọ́run bo ẹ̀rù ara rẹ̀ mọ́lẹ̀, ẹ̀ṣẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n àwọn àgbà náà ló ní ẹni tí ejò bá ti bù jẹ rí, bó bá rí ekòló, yóò sá.

Ó ń bá a lọ bẹ́ẹ̀ títí ó fi kan Huda, ọmọ kan ṣoṣo tí ìyàwó rẹ̀ tó ti kú bí fún un. Nọ́ọ̀sì ni Huda, òun àti Najeeb ọkọ rẹ̀ ń gbé ní Nasarawa, àdúgbò kan ní Kàdúná náà. Ní oṣù mẹ́ta sẹ́yìn, Huda bí ọmọkùnrin, ọmọ náà sì kú lọ́jọ́ kẹfà, nígbà tó ku ọjọ́ méjì kí wọ́n sọ ọ́ lórúkọ. Láti ọjọ́ náà, kò lè jáde ra tòmátò kí ènìyàn mẹ́wàá má sọ fún un pé sannu, ìyẹn pẹ̀lẹ́ lédè Haúsá. Ìyá tó ń dín kósé, àkàrà àwọn Haúsá, yóò ní sannu, Huda. Ẹni tó ń wa kẹ̀kẹ́ yóò ní sannu fa. Bẹ́ẹ̀ ni níbi iṣẹ́, bẹ́ẹ̀ ni lẹ́nu ọ̀nà. Kò sí ẹni ibi nínú wọn, bí Kàdúná ṣe ń báni kẹ́dùn nìyẹn, ṣùgbọ́n gbogbo sannu yẹn ń ṣí egbò náà sílẹ̀ lákọ̀tun ni.

Lọ́jọ́ Jímọ̀ kan, lẹ́yìn ìrun, tọkọtaya náà wá sílé Alfa. Huda kúnlẹ̀, ó sì jókòó sórí ẹní.

"Baba, ọjọ́ mẹ́ta péré ni," ó ní. "Mo fẹ́ lọ síbi tí omi yí ká, tí ẹnikẹ́ni ò ti mọ̀ mí. Síbi tí wọn ò ti ní sọ sannu fún mi."

Olùkọ́ ìṣirò ni Najeeb, kò sì sí ohun tí kì í kọ sílẹ̀. Ó fa ìwé kan yọ tó kọ erékùṣù mẹ́ta sí. Èkíní ni Zanzibar: ó lẹ́wà gan-an, ṣùgbọ́n Àbújá ni wọn yóò ti wọ bàálù, wọ́n sì gbọ́dọ̀ gba ojú títì dé Àbújá. Èkejì ni Jẹ́bà, láàárín odò Ọya: kò jìnnà sí Ìlọrin, ṣùgbọ́n láti Kàdúná, inú igbó ni ọ̀pọ̀ ọ̀nà rẹ̀ gbà. Ẹ̀kẹta ni Tákwà, ní Èkó.

"Pápákọ̀ òfúrufú Kàdúná níbí la ti máa wọ bàálù, Baba," ni Najeeb wí. "Tí a bá dé Èkó, ọkọ̀ ojú omi kékeré ló kù. Òun ló rọrùn láti dé jù. Ṣùgbọ́n Huda ní àfi bí ẹ bá ṣe ìsítíkárà."

Alfa gba ìwé náà. Òkun kò bà á lẹ́rù. Kí wọ́n tó dé òkun ni. Àní Tákwà tó rọrùn yìí, ẹ̀yìn ìlú ni pápákọ̀ wà, wọ́n gbọ́dọ̀ kọjá Mando, gbogbo ohun tí àwọn ènìyàn sì ti sọ nípa àwọn ajínigbé ọ̀nà yẹn ń sáré lọ sáré bọ̀ nínú orí rẹ̀. Ó wo ọmọ rẹ̀, ó rí i pé ó ti rù.

"Ẹ padà wá lọ́jọ́ Ajé," ó wí.

Ọjọ́ mẹ́ta náà kò rọrùn fún un. Bó bá jókòó, awọ àgbò ni ojú rẹ̀ ń wò. Lọ́jọ́ Àìkú, ó dìde, ó na ọwọ́ sí i, ó sì tún fà á padà. Ó bi ọlọ́kadà mẹ́ta léèrè bí ọ̀nà pápákọ̀ ṣe rí. Méjì ní kò séwu, ẹnì kan ní Ọlọ́run ló mọ̀, ti ẹnì kan yẹn ni Alfa sì gbà gbọ́.

Huda nìkan ló wá lọ́jọ́ Ajé, lẹ́yìn ìrun ọ̀sán. Alfa kò jẹ́ kó kí i tán.

"Ti Zanzibar, omi dúdú ni mo rí. Ti Jẹ́bà, mo rí afárá tó ń mì. Ti Tákwà..." Kò tíì ronú kan ti Tákwà. "Ti Tákwà náà, omi dúdú ni mo rí."

"Omi dúdú kan náà, Baba?"

Huda dìde. Ẹ̀gbẹ́ awọ àgbò yẹn ló dàgbà sí, ìgbà tó wà ní kékeré, òun ló máa ń bá bàbá rẹ̀ ká a. Ó fi ìka kan fa orí awọ náà láti òkè dé ìsàlẹ̀, ó sì na ìka náà sí bàbá rẹ̀. Eruku bò ó.

"Ẹ ò gbé e sọ̀," ó wí.

Ojú ti Alfa débi pé kò mọ ibi tí yóò gbé ojú sí. "Ẹ̀rù ló bà mí."

"Ẹ̀rù pé kò ní dára?"

"Rárá. Ẹ̀rù pé yóò dára ni. Bó bá dára, dandan ni kí n ní kí o máa lọ."

Huda jókòó. Ohùn rẹ̀ le nígbà tó sọ̀rọ̀. "Ìyá Ilham ńkọ́?"

Ìyá Ilham ni Ṣẹ̀fíátù tó ń ta ìrẹsì lẹ́gbẹ̀ẹ́ mọ́sálásí. Nígbà ọyẹ́, ìyá rẹ̀ ń ṣàìsàn ní Ìlọrin, ó fẹ́ lọ wò ó, Alfa sì ní kí ó má lọ. Lọ́jọ́ kẹsàn-án ni ìyá náà kú.

"N ò ṣe é fún un," Alfa wí. "N ò ṣe é fún ẹnikẹ́ni láti ọdún méjì."

"A'ùsùbílláhì. Baba, wọ́n rò pé Ọlọ́run ló dá wọn dúró." Omi ti lé sójú rẹ̀. "Ẹ gbé e sọ̀ báyìí, ẹ jọ̀ọ́, don Allah. Mo ń dúró."

Alfa gbé awọ náà sọ̀, ó gbọn ọ́n lẹ́nu ọ̀nà títí ó fi sín. Ó ṣe àlùwàlá, ó kírun ràkáà méjì, ó sì ka àdúrà náà parí. Nígbà tó yíjú, Huda ń wò ó.

"N ò rí nǹkan kan," Alfa wí. "Ti Àbdùlkàrímù náà, n ò rí nǹkan kan. Ọkàn mi kàn balẹ̀ ni mo fi ní ọ̀nà mọ́."

"Ọkàn yín wá balẹ̀ báyìí?"

"Kò balẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ̀rù tèmi nìyẹn, n ò ní tún fi lé Ọlọ́run lórí mọ́. Ẹni tó ń rìnrìnàjò ló yẹ kó gba àdúrà yìí fúnra rẹ̀. Bọ́ síbí."

Huda gun orí awọ náà. Ó pẹ́ ní ìforíkanlẹ̀, èjìká rẹ̀ ń mì. Nígbà tó dìde, ó nu ojú rẹ̀.

"Tákwà," ó wí.

Lọ́jọ́bọ̀, Alfa bá wọn dé pápákọ̀. Láti Makera dé Mando, tẹ̀sùbáà rẹ̀ ló ń dún. Bí ọkọ̀ bá dẹ ìrìn díẹ̀, yóò na ọrùn wo inú igbó. Wọ́n dé ibẹ̀ láyọ̀, bàálù gbéra, ó padà sílé, ó jókòó ti fóònù. Agogo méjìlá lù, ọ̀kan lù, méjì lù. Ó kírun tán, ó tún wo fóònù náà bóyá ó ti kú. Ó ti bẹ̀rẹ̀ sí í sọ fún ara rẹ̀ pé òun tún ti rán ẹnì kan sínú igbó nígbà tí fóònù dún.

Afẹ́fẹ́ ló kọ́kọ́ gbọ́, àti ariwo omi.

"Baba, a ti dé. Obìnrin tó ń ta àgbọn bi mí pé mélòó ni mo fẹ́."

"Kí ló tún sọ?"

"Kò sọ nǹkan mìíràn." Ó ń sunkún tàbí ó ń rẹ́rìn-ín, afẹ́fẹ́ kò jẹ́ kí Alfa mọ èyí tó jẹ́. "Ìyẹn nìkan ló sọ, Baba."

Alfa dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run. Lẹ́yìn náà ó wọ bàtà rẹ̀, ó sì gba ọ̀nà mọ́sálásí. Ṣẹ̀fíátù ń fi múdù wọn ìrẹsì sínú ọ̀rá. Ó kúnlẹ̀ díẹ̀ bó ti rí i.

"Ẹ káàsán, Alfa. Ẹ ṣeun ọjọ́sí. Mo máa ń sọ fún Ilham pé ẹ̀yin lẹ gbà mí lọ́wọ́ ọ̀nà yẹn."

"Má dúpẹ́ mọ́, Ìyá Ilham. N ò gbàdúrà náà. Irọ́ ni mo pa fún ọ, nítorí ẹ̀rù ń bà mí."

Múdù náà dúró lọ́wọ́ rẹ̀, ó tẹ̀, ìrẹsì sì ń dà sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Kò wo Alfa, ìrẹsì náà ló ń wò.

"Wọ́n ní ìyá mi bi wọ́n lẹ́ẹ̀mejì kí ó tó kú," ó wí. "Pé, ṣé Ṣẹ̀fíátù ti dé?"

Sannu ti dé ẹnu Alfa, ó sì gbé e mì. Ó lóṣòó síwájú obìnrin náà nínú erùpẹ̀, ó sì ń ṣa ìrẹsì náà ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan.