Iná Ẹ̀yìn Píkọ́ọ̀pù Bàámi

Nígbà tí mo wà ní kékeré, inú ọkọ̀ tó ń sáré ni wọ́n ti máa ń bó ọ̀gẹ̀dẹ̀ nílé wa. Ẹni tó bá ń gba ọ̀nà Orílẹ̀-Òwu nígbà náà lè ti rí wa rí: píkọ́ọ̀pù aláwọ̀ ewé kan, ọ̀gẹ̀dẹ̀ kún ẹ̀yìn rẹ̀, iná funfun tàn yòò lé obìnrin méjì lórí, ọ̀bẹ sì wà lọ́wọ́ wọn.

Màámi ni ọ̀kan. Èkejì ni Ìyá Débórà, ọ̀rẹ́ wọn tí wọ́n jọ ń ṣòwò, tó ń lọ ṣọ́ọ̀ṣì aláṣọ funfun tó wà lẹ́yìn ilé wa ní Ìkirè. Èmi àti ẹ̀gbọ́n mi, Ràfíù, la máa ń gba ọ̀gẹ̀dẹ̀ tí wọ́n bá ti bó sínú abọ́ ńlá. Bàámi ló ni ọkọ̀, àwọn náà ló ń wà á. Ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ la ṣì wà, kò tíì sí fóònù lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni.

Dòdò Ìkirè ni àwọn ìyá wa ń dín. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti jẹ ẹ́ rí mọ̀ pé ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó ti pọ́n kọjá pípọ́n, tí èèpo rẹ̀ ti dúdú, la fi ń ṣe é. Wọ́n á gé e wẹ́wẹ́, wọ́n á po ata, iyọ̀ àti àlùbọ́sà mọ́ ọn, wọ́n á dín in nínú epo pupa títí tí yóò fi dúdú bí aṣọ elẹ́lùú, wọ́n á sì pọ́n ọn sínú ewé. Ohun tó le níbẹ̀ ni pé ó gbọ́dọ̀ wà létí títì kí ọkọ̀ àkọ́kọ́ tó ń lọ sí Ìbàdàn tó kọjá láàárọ̀. Bí tìrẹ bá pẹ́, ẹlòmíì ti gba oníbàárà rẹ nìyẹn. Ìdí rèé tí Màámi fi ń bó ọ̀gẹ̀dẹ̀ lójú ọ̀nà: kí a tó délé, iṣẹ́ ti dé ìdajì.

Bàámi náà ní ohun tó ń lé wọn. Àwọn ni ládàánì mọ́sálásí àdúgbò wa. Wọ́n á kírun mọ́gáríbì tán lóko, wọ́n á wá sáré kí wọ́n lè pe ìrun ìṣáì ní Ìkirè. Ohùn wọn dùn débi pé Ìyá Débórà máa ń sọ pé, “Bí Bàbá Ràfíù bá ti pe ìrun, ó máa ń ṣe èmi náà bíi kí n ṣe àlùwàlá.”

Àtùpà la kọ́kọ́ ń gbé sẹ́yìn ọkọ̀, ṣùgbọ́n atẹ́gùn kì í jẹ́ kó pẹ́ tí yóò fi kú. Bàámi bá gbé ọkọ̀ lọ sọ́dọ̀ rẹ̀wáyà kan ní Ìkirè. Ó fa wáyà láti bátìrì, ó so gílóòbù kan mọ́ ẹ̀yìn ilé dírẹ́bà, ó kọjú rẹ̀ sí ibi ẹrù. Ó ti parí. Lọ́jọ́ tí a kọ́kọ́ tàn án, Màámi rẹ́rìn-ín bí ìyàwó tuntun.

Àwa ọmọdé ti sọ ọ́ di eré. Bí a bá dìde dúró, òjìji wa á gùn lọ sórí títì lẹ́yìn ọkọ̀ bí igi ọ̀pẹ, a ó máa jó, òun náà á máa jó. Bí wọ́n bá ká wa mọ́ ibi tí a ti ń jẹ ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó rọ̀ jù, Màámi kì í nà wá. Orin ni wọ́n máa ní ká máa kọ títí a ó fi dé Ìkirè, nítorí ẹnu tó ń kọrin kò lè jẹun. Ọ̀pọ̀ orin tí mo mọ̀ títí dòní, ìyà ọ̀gẹ̀dẹ̀ ló kọ́ mi.

Bàámi nìkan ló ń ráhùn. “Ìyá Ràfíù, ọ̀gẹ̀dẹ̀ nìkan ni mò ń rí nínú dígí yìí o. N kò rí ọ̀nà.”

“Ọ̀gẹ̀dẹ̀ náà ló ń bọ́ wa,” Màámi dá wọn lóhùn. “Ẹ máa wò ó.”

Ọjọ́rú kan ni ọ̀rọ̀ náà yí padà. Ìyá Débórà ti ilé àdúrà wá bá wa lọ sóko, aṣọ funfun wọn ṣì wà lọ́rùn wọn. Nígbà tí a ń bọ̀ lálẹ́, ẹrẹ̀ oko ti bo iná pupa ẹ̀yìn ọkọ̀, ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó rọ̀ sílẹ̀ sì bo èyí tó kù. A ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ ní kọ́nà kan láàárín oko kòkó ni fèrè ọkọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í dún lẹ́yìn wa, ó dún, kò dákẹ́. Iná méjì tó ń bọ̀ lẹ́yìn ṣàdédé yà sínú igbó. A gbọ́ gbàà. Bàámi ò rí nǹkan kan, wọ́n ń wa ọkọ̀ wọn lọ. Àfìgbà tí gbogbo wa ń lu òrùlé ọkọ̀: “Ẹ dúró! Ẹ dúró!”

Màámi ló kọ́kọ́ sáré padà pẹ̀lú tọ́ọ̀ṣì. Ibi tí wọ́n tan iná sí, ilẹ̀ pupa, ó ń ṣàn bọ̀ wá sórí títì. Wọ́n kígbe pé, “Ẹ̀jẹ̀ o!” wọ́n sì jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ níbẹ̀. Bàámi bẹ̀rẹ̀, wọ́n fọwọ́ kàn án, wọ́n gbóòórùn rẹ̀. “Epo ni,” ni wọ́n wí. “Epo pupa ni.”

Ọkùnrin kan bá jáde láàárín kòkó, epo rin ín láti orí dé ẹsẹ̀, bàtà kan ṣoṣo ló kù lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Kẹ́ẹ̀gì epo ló kó sínú ọkọ̀, wọ́n sì ti bẹ́ sí i lára. Bó ṣe rí Ìyá Débórà nínú aṣọ funfun tí wọ́n gbọ́wọ́ sókè tí wọ́n ń dúpẹ́ lọ́wọ́ Olúwa, ó fà sẹ́yìn.

“Ẹ jọ̀ọ́, ṣé èèyàn ni yín?”

“Èèyàn ni mí o, oní-dòdò ni mí!”

Kò fara pa. Igi kòkó ló dá ọkọ̀ rẹ̀ dúró. Ohun tó sọ kò tíì kúrò létí mi: “Iná funfun ni mo rí níwájú. Mo rò pé ọkọ̀ olójú kan ló ń bọ̀ wá kọlù mí. Mo fọn fèrè, kò yà. Ni mo bá yà fún un. Ọkọ̀ tí kò bọ̀ ni mo yà fún!” Ó wo iná wa, ó mi orí. “Ẹ̀yìn tó ń tàn bí iwájú, kí lèèyàn fẹ́ pe irú èyí?”

A fi okùn fa ọkọ̀ rẹ̀ jáde. Bàámi bẹ̀ ẹ́ títí. Ó ní kí wọ́n pa iná yẹn lójú òun kí òun tó lọ. Màámi fúnra wọn ló pa á.

Láti ọjọ́ náà, òkùnkùn la fi ń délé. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ tí a kò bó lójú ọ̀nà, ilé la ti ń bó o, oorun á sì ti mú ọwọ́ tó ń dín in. Lọ́jọ́ kan, ọkọ̀ àkọ́kọ́ ti lọ, èkejì ti lọ, kí Màámi tó gbé àtẹ dé etí títì. Wọ́n gbé e padà wálé bó ṣe kún. A jẹ dòdò láàárọ̀, a jẹ ẹ́ lọ́sàn-án, ní alẹ́ Ràfíù ní òun kò jẹ mọ́. Màámi kò rẹ́rìn-ín. Òwò yẹn ló ń rán wa nílé ìwé.

Lálẹ́ ọjọ́ náà ni wọ́n sọ fún Bàámi pé kí ọkọ̀ máa dúró ní Àpòmù, ìlú tí a máa ń gbà kọjá kí a tó dé Ìkirè. Bó bá ti dúró, kí wọ́n tan iná, kí àwọn bó ọ̀gẹ̀dẹ̀ tán, kí wọ́n pa á, kí ọkọ̀ tó tún gbéra.

“Ta ni yóò wá pe ìrun ní Ìkirè?” Bàámi bi wọ́n.

“Ọlọ́run tó wà ní Ìkirè, ṣé kò sí ní Àpòmù ni?”

 Nígbà tí a tún ń ti oko bọ̀, tí a wọ Àpòmù, ọkọ̀ rọra fà sí ẹ̀gbẹ́ mọ́sálásí kan, ó dúró. Bàámi tan iná fún wa, wọ́n gbé kẹ́tù omi wọn, wọ́n wọlé lọ kírun lẹ́yìn ẹlòmíì. Bó ṣe ń lọ nìyẹn, títí àwọn ará ibẹ̀ fi gbọ́ pé ládàánì ni wọ́n, tí wọ́n sì ní kí wọ́n bá àwọn pè é. Bí ohùn Bàámi ṣe jáde lókè Àpòmù, Ìyá Débórà sọ ọ̀bẹ sílẹ̀. “Ìyá Ràfíù, Àpòmù ti gba ọkọ yín o!”

Dòdò Màámi sì tún ń ṣáájú ọkọ̀ àkọ́kọ́ dé etí títì.

Bàámi ti dolóògbé. Ràfíù ló ń wa píkọ́ọ̀pù báyìí, tirẹ̀ tó dára ju ti Bàámi lọ. Láti ilé iṣẹ́ tó ṣe é ni wọ́n ti fi iná funfun sẹ́yìn rẹ̀. Kò sí rẹ̀wáyà, bọ́tìnnì kékeré kan ni wàá tẹ̀. Inú ọ̀rá ni dòdò wà báyìí, kì í ṣe ewé. A kì í jẹ́ kí ọmọ jókòó sẹ́yìn ọkọ̀ mọ́. Iwájú ni wọ́n ń jókòó, bẹ́líìtì ń bẹ láyà wọn, fóònù wà lọ́wọ́, kò sì sẹ́ni tó mọ orin ọ̀gẹ̀dẹ̀.

Láìpẹ́ yìí, èmi àti Màámi bá Ràfíù wọkọ̀ láti Orílẹ̀-Òwu, ilẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń ṣú. Ní Àpòmù, ẹ̀ṣọ́ ojú pópó kan, obìnrin, dá wa dúró.

“Ẹ̀gbọ́n, iná ẹ̀yìn yín ń tàn.”

“Mo mọ̀. Mo fẹ́ máa rí ọ̀gẹ̀dẹ̀ mi ni.”

“Pa á,” Màámi wí.

“Ẹ̀n-ẹ́n, Màámi, ṣebí—”

“Mo ní kí o pa á, Ràfíù! Àbí o ti gbàgbé ẹni tó fi epo wẹ̀?”

Ràfíù pa á. Ẹ̀ṣọ́ náà kò mọ ohun tó pa èmi lẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ó sọ tirẹ̀ fún wa. Ó ní iná pupa ló yẹ kí ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn máa rí, pé ìkìlọ̀ nìkan làwọn ń ṣe lọ́sẹ̀ yìí. Bó bá di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, àwọn á máa dúró síbẹ̀ ní gbogbo ìrọ̀lẹ́, ọkọ̀ tí wọ́n bá sì bá iná funfun lẹ́yìn rẹ̀ lórí ìrìn, ọ́fíìsì ló ń lọ.

“Ẹni tó bá fẹ́ fi kó ẹrù,” ó ní, “kó dúró kó tó tàn án.”

Màámi tọ́ka sí mọ́sálásí tó wà lódìkejì. “Ibẹ̀ yẹn la ti máa ń dúró,” ni wọ́n wí.