Àwòrán Tó Kù Lára Ògiri Hezekiah

Ẹnì kan ṣoṣo ló kù tó ń tún kẹ̀kẹ́ ológeere ṣe ní Kàbà, Hezekiah sì ni. Àwọn yòókù ti bá ọ̀kadà lọ. Ẹni ọdún mọ́kànléláàádọ́rin ni Hezekiah, ó ṣì ń jókòó sí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ láràárọ̀, ó ń dúró de àwọn oníbàárà tí púpọ̀ nínú wọn ti di olóògbé. Kò fi ṣe ìbànújẹ́. Ó ní àwọn tó kù kì í kánjú.

Ohun méjì la fi mọ̀ ọ́n. Èkíní, kì í fi òòlù kan kẹ̀kẹ́ àtijọ́. Ó ní ẹni tí ọwọ́ bá ń yún láti lu nǹkan, kó lọ sílé lọ gún iyán. Èkejì ni ògiri rẹ̀. Bí o bá yá irinṣẹ́ lọ́wọ́ Hezekiah, wàá gbé irinṣẹ́ náà lé ògiri, wàá fi èédú ya ìlà yí i ká, wàá kọ orúkọ rẹ sábẹ́ rẹ̀. Ọjọ́ tí o bá dá a padà ni yóò fi àkísà tútù nù ún. Gbogbo àwòrán ló ti parẹ́ bẹ́ẹ̀ tán àyàfi ọ̀kan, tó rí bí ẹnu ẹja tó là sílẹ̀. Ohun tí wọ́n kọ sábẹ́ rẹ̀ ni "Ebenezer, Ẹ̀júkù, 1997". Nígbà tí Hezekiah kun ṣọ́ọ̀bù náà lọ́dún mẹ́ta sẹ́yìn, ó fi ọ̀dà yípo àwòrán yìí pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, bí ẹni ń fárí ọmọ tuntun.

Lọ́jọ́ Ajé kan nínú oṣù Kọkànlá ọdún 2024, Agatha, tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì, ti kẹ̀kẹ́ bàbá rẹ̀ dé. Katikíìsì ni bàbá náà, orí kẹ̀kẹ́ yìí ló wà tó fi wàásù ká àwọn abúlé Bùnù. Ọjọ́ Àìkú ọ̀sẹ̀ yẹn ló máa pé ogójì ọdún tó ti kú, Agatha sì ti sọ fún gbogbo ìjọ pé kẹ̀kẹ́ náà lòun máa gùn wá sí ṣọ́ọ̀ṣì. Ẹni ọdún mẹ́rìndínláàádọ́rin ni. Dókítà ti ní kó máa ṣe eré ìdárayá, ṣùgbọ́n mi ò rò pé èyí ló ní lọ́kàn.

"Okun o, Bọ̀ọ̀dá," Agatha kí i.

"Okun, Tíṣà. Kí ló ṣe é?"

"Apá pẹ́dà ọ̀tún ló ń mì. Mẹkáníìkì ọlọ́kadà kan ní kí n jẹ́ kí òun lù ú lẹ́ẹ̀mejì péré."

"Ẹ ní kó lọ lu tirẹ̀."

Ìṣó kékeré tó so apá pẹ́dà mọ́ ọ̀pá àárín ló ti jẹ, ó sì ti dípẹtà mọ́bẹ̀. Bí wọ́n bá lù ú, apá yẹn lè là, kò sì sí ẹni tó ń ta irú rẹ̀ mọ́. Irinṣẹ́ kan wà tó ń yọ ọ́: èèyàn á gbé ẹnu rẹ̀ há ìṣó náà, á máa yí i, yóò sì máa tì í jáde díẹ̀díẹ̀. Hezekiah da kẹrosíìnì sí ìṣó yẹn fún ọjọ́ méjì. Kò mira. Ó ní kí wẹ́dà kan rọ irinṣẹ́ náà fún òun. Èyí tó rọ tẹ̀ bíi ṣíbí. Nígbà tó di Ọjọ́bọ̀, òun àti Agatha jókòó, wọ́n ń wo àwòrán irinṣẹ́ yẹn gan-an lára ògiri.

"Bọ̀ọ̀dá, ta ni Ebenezer?"

"Ọ̀rẹ́ mi ni. Ọ̀gá kan náà ló kọ́ wa níṣẹ́."

"Ọdún mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n, ẹ ò béèrè irinṣẹ́ yín?"

"Gbogbo Kérésìmesì ló ń fi ẹ̀kùrọ́ tí wọ́n ti pa ránṣẹ́ sí mi. Bí mo bá béèrè irinṣẹ́, á dà bíi pé ẹ̀kùrọ́ ò tó mi."

"Ṣé ó dùn?"

"Ó dùn. Odindi ni gbogbo rẹ̀, kò séyìí tó fọ́. Mi ò mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe é."

Lọ́jọ́ Ẹtì, Hezekiah wọ mọ́tò lọ sí Ẹ̀júkù. Ó bá Ebenezer lábẹ́ igi máńgòrò. Lois ìyàwó rẹ̀ jókòó ti abọ́ ńlá kan, ó ń yí nǹkan lọ́wọ́. Kọ́. Èèpo ẹ̀kùrọ́ kan là, odindi ọmọ rẹ̀ sì bọ́ sínú abọ́.

"Ìyàwó wa," Hezekiah wí, "irinṣẹ́ mi nìyẹn."

"Irinṣẹ́ wo, Bàbá Kàbà? Ẹ̀rọ ẹ̀kùrọ́ mi nìyí."

Ebenezer gbójú sókè, ó ń wo èso máńgòrò. Kò sí máńgòrò kankan lórí igi nínú oṣù Kọkànlá.

"Ọjọ́ tí mo gbé e dé ni ìyàwó mi ti gbà á lọ́wọ́ mi," ló wá sọ. "Mi ò tíì fi yọ ìṣó kan."

"Ẹ̀kùrọ́ tí ẹ sì ń jẹ láti ọjọ́ yìí wá," Lois bi àlejò rẹ̀, "ṣé ẹ rò pé eyín ni mo fi ń pa á?"

Ó ti tó ọdún mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n tí Hezekiah ti ń yin irinṣẹ́ ara rẹ̀ láìmọ̀. Ó kúkú ro ẹjọ́ Agatha.

"Òun fúnra rẹ̀ ló máa gùn ún?" Lois béèrè.

"Òun ni."

"Lọ́jọ́ orí yẹn?"

"Ó ti sọ fún gbogbo ìjọ."

"Kò lè padà sẹ́yìn mọ́ nìyẹn." Lois nu irinṣẹ́ náà mọ́ aṣọ rẹ̀. "Ẹ gbé e lọ. Ṣùgbọ́n mo gbọ́ pé òfin kan wà ní ṣọ́ọ̀bù yín." Ó mú èédú kan jáde nídìí ààrò.

Bí Hezekiah ṣe kúnlẹ̀ ti ògiri ilé ìdáná nìyẹn, tó ya àwòrán irinṣẹ́ ara rẹ̀, tó kọ orúkọ sí i.

"Ẹ kọ ọjọ́ àti ọdún sí i," ni Lois wí. "Mo mọ bí ẹ̀yin méjèèjì ṣe ń yá nǹkan."

Lọ́jọ́ Àbámẹ́ta, Hezekiah gbé ẹnu irinṣẹ́ náà há ìṣó. Ó yí i lẹ́ẹ̀kan, ó dúró, ó tún yí i. Kọ́. Ìṣó jáde lódindi, apá pẹ́dà kò ní ojú ọgbẹ́ kankan. Ó fi ìṣó tuntun sí i, ó sì ránṣẹ́ pe Agatha.

Lọ́jọ́ Àìkú, Agatha gun kẹ̀kẹ́ bàbá rẹ̀ wá pẹ̀lú fìlà funfun lórí, àwọn akọrin ń sáré tẹ̀lé e bóyá yóò ṣubú. Kò ṣubú. Ó kọjá ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì lẹ́ẹ̀kan, ó lọ yípo, ó tó padà wá. Àwọn kan ní kò rántí bí wọ́n ṣe ń dúró. Òun ní bó ṣe wu òun nìyẹn.

Nígbà tó di ọjọ́ Ajé, Hezekiah dá irinṣẹ́ padà sí Ẹ̀júkù, Lois sì fi omi fọ ògiri rẹ̀. Àwòrán ti Ebenezer ṣì wà lára ògiri ṣọ́ọ̀bù ní Kàbà ní tirẹ̀. Mo bi Hezekiah ìdí tí kò fi nù ún. Ó ní irinṣẹ́ òun kò tíì padà wálé. Ẹ̀kùrọ́ ló ń jẹ bó ṣe ń sọ ọ́, odindi ni.